Òógùn Onídùúró

  

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí a bá dárúkọ Àjàlá, kí ló ń wá sí yín lọ́kàn? Mo mọ̀ pé orin Olóyè Ebenezer Obey ló máa kọ́kọ́ dún létí ọ̀pọ̀ yín, ẹ ó sì máa rí ọkùnrin kan lórí Vespa tó ń yí ayé ká. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí Ọlábísí Àjàlá tó gun Vespa, kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ gùn. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní ọdún 1952, nígbà tó ń kàwé ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ dé Los Angeles. Ìrìn 2,280 máìlì ni, ọjọ́ 28 ló sì fi rìn ín. Aṣọ ìbílẹ̀ wa ló wọ̀. Bó ṣe ń lọ ló ń dúró bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n lè mọ̀ pé orí igi kọ́ là ń gbé.

Òun nìkan ló dá ìrìn tirẹ̀ rìn, ọ̀rọ̀ ló sì bá rìn ín. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n, wọ́n ń kó ara wọn jọ gun kẹ̀kẹ́ ni, owó ni wọ́n sì ń fi í wá. Kì í ṣe fún àpò ara wọn o. Fún àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá fínra ni.

Níbo nìyẹn? Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni, ní Amẹ́ríkà kan náà. Orúkọ ìrìn náà ni Pan-Mass Challenge. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Billy Starr ló dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1974, jẹjẹrẹ awọ ara pa ìyá rẹ̀. Irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ẹlòmíì kó jókòó sínú ilé. Ní ti Starr, kẹ̀kẹ́ ló gbé. Nígbà tó di ọdún 1980, ó kó àwọn èèyàn jọ, gbogbo wọn jẹ́ 36. Wọ́n gbéra ní Springfield, wọ́n forí lé Provincetown, ìrìn nǹkan bí 220 máìlì. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ kan wà tó yọ sínú òkun, tó ká kò bí apá ẹni tó ń fi iṣan hàn. Provincetown ló wà níbi ìka ọwọ́ gan-an. Tí ẹ bá ti débẹ̀, ilẹ̀ parí nìyẹn, omi ló kù.

Èló ni àwọn 36 yẹn rí kó jọ? Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ó lé igba dọ́là. Owó gidi ni, àmọ́ kì í ṣe owó tó lè kọ́ ilé ìwòsàn. Ẹ wá gbọ́ èyí. Wọn ò dẹ́kun. Lọ́dọọdún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògọ́sítì, wọ́n ń gùn ún. Lónìí, àwọn tó ń gùn ún lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, àwọn tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láìgba owó sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Nígbà tó di ọdún 2024, àpapọ̀ owó tí wọ́n ti kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là. Mo ní bílíọ̀nù, ẹ ò ṣi mí gbọ́.

Onírúurú ọ̀nà ni wọ́n ń gbà báyìí, gígùn àti kúkúrú. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ jù, láti Sturbridge dé Provincetown, ń sún mọ́ 200 máìlì. Bí ẹni gbéra ní Èkó tó sì gun kẹ̀kẹ́ dé Ìlọrin ni, ní ọjọ́ méjì.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ nípa wọn rèé: kí ló dé tí ẹnìkan fi gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ kí ẹlòmíì tó yọ owó? Àrùn ò mọ kẹ̀kẹ́. Dókítà ò nílò kẹ̀kẹ́. Ṣé wọn ò kàn lè kọ sọ̀wédowó kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sílé wọn ni?

Ẹ jẹ́ ká padà wálé ná. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe lọ́ńṣìn níhìn-ín. Alága á dìde, á gba makirofóònù, á ní òun fi mílíọ̀nù kan náírà ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Ìlù á sọ. Wọ́n á kì í. Ìyàwó rẹ̀ á jó bọ́ síta. Ẹni tó tẹ̀lé e á ní kí wọ́n kọ ìdajì ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Akọ̀wé á máa kọ ọ́, inú gbogbo èèyàn á dùn. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ lọ gba owó yẹn wò! Mo ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti jókòó sí pálọ̀ ẹnìkan láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán, tí wọ́n ní ọ̀gá ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ìwẹ̀ wákàtí mẹ́rin! Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ẹni tó ṣe ìlérí lórí makirofóònù tí kò mú un ṣẹ, ọ̀nà aláìsàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló bẹ́gi dí.

Ibí yìí ni kẹ̀kẹ́ ti wọlé. Ká ní mo wá bá yín lónìí, tí mo ní kí ẹ fún mi lówó nítorí àwọn alárùn jẹjẹrẹ. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni pé, ṣé kì í ṣe pé bàbá yìí fẹ́ fi jẹun? Ẹ ò jẹ̀bi. Ojú ti rí. Àmọ́ ká ní mo sọ fún yín pé mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé Ìlọrin nítorí wọn. Ẹ wá ń rí mi lójoojúmọ́ ní ìdájí, mò ń gùn ún kọjá níwájú ilé yín, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, orúnkún mi wú, ìdí mi bó. Ẹ ó sọ pé ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì kì í fi irú ìyà yìí jẹ ara rẹ̀. Òógùn mi ló ṣe onídùúró fún mi lọ́dọ̀ yín. Ohun tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe nìyẹn. Kì í wo àrùn. Òógùn ló ń mú jáde, òógùn yẹn ló ń ṣe onídùúró.

Onídùúró kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Bí èèyàn bá forúkọ sílẹ̀ fún Pan-Mass Challenge, iye kan wà tó gbọ́dọ̀ kó jọ, ó kéré tán. Ti ọlọ́jọ́ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Bí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí bá dá a pé, ó dára. Bí wọn ò bá dá a pé ńkọ́? Inú káàdì báńkì òun alára ni wọ́n ti máa yọ ìyókù. Ó ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ sí ti ọ̀gá tó ń wẹ̀! Èkejì, gbogbo owó tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá kó jọ, odindi rẹ̀ ló ń lọ sí ilé ìwòsàn. Owó oúnjẹ, owó omi, owó àgọ́ tí wọ́n ń sùn, ibòmíràn nìyẹn ti ń wá: owó ìforúkọsílẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́. Ẹni tó dá dọ́là kan mọ̀ pé dọ́là kan ló dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́ díẹ̀ wàyí.

Ọmọdé ni mí nígbà tí bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan. Òun ló fi ń gbé kòkó wá síbi ìwọ̀n. Èmi a jókòó sórí kárià, lórí àpò tí wọ́n ká mẹ́rin, màá di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Bí a bá dé òkè tó wà lọ́nà Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, bàbá mi a sọ̀kalẹ̀, a ní kí èmi náà sọ̀kalẹ̀. A ní, “Bọ́ sílẹ̀, jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ mí.” Mo gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló ń mí! Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ ẹni tó ń mí.

Bàbá mi mọ òkè. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, torí pé kò sáré rí, ni afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà. Bí eré bá ti le lórí ilẹ̀ títẹ́jú, afẹ́fẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára yín. Bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí ẹnìkan dì mú lẹ́yìn ni. Kí wá ni ọgbọ́n tí àwọn tó ń gùn ún lẹ́gbẹ́ ń dá? Wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Ẹni iwájú á máa la afẹ́fẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á sá pamọ́ sí i lẹ́yìn, táyà iwájú tiwọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹ̀yìn tirẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn báyìí lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ pamọ́, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ẹni iwájú ló máa wá kú sí iṣẹ́ ni? Rárá o. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù á kọjá lára rẹ̀, òun á bọ́ sí ìdí ìlà pátápátá, á máa sinmi. Ẹni tó ṣìkejì á wá la afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń gbọ́ mi, ẹ ti mọ ohun tí à ń pe èyí. Àáró ni! Òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ, ọ̀tunla oko lágbájá. Ohun tí a fi ń ro ebè ni wọ́n fi ń la afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń gbé èèyàn rin irú ìrìn yẹn. Ẹgbẹ́ ni.

Àmọ́ ewu wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í rí ọ̀nà. Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń rí. Bí ẹni iwájú bá ṣàdédé di bíréèkì mú, gbogbo wọn á wó lu ara wọn bí ìgò ọtí. Nítorí náà, ọwọ́ àti ohùn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí kòtò bá wà lápá ọ̀tún, ẹni iwájú á na ìka sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ á na tirẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á tún na tirẹ̀, títí ọ̀rọ̀ kòtò á fi dé ìdí ìlà. Bí mọ́tò bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni ìkẹyìn á ké, igbe náà á gba iwájú lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Níbí o, ojú ẹlòmíì lẹ fi ń wò ó. Ẹni tí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíì, kó máa dá tirẹ̀ gùn.

Oúnjẹ ńkọ́? Òfin wọn ni pé kí ẹ mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín, kí ẹ jẹun kí ebi tó pa yín. Ṣúgà tí ara tọ́jú sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan kì í pẹ́ tán tí iṣẹ́ bá le. Bí ó bá tán lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ á wúwo bí òjé, ojú á máa ṣú, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú láìnídìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, omi tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè. Kì í ṣe iyán o. Ẹni tó bá bọ́ ìyẹn sínú kó tó gun kẹ̀kẹ́, abẹ́ igi ni wọ́n máa bá a. Ti ìdí, n ò ní sọ púpọ̀ torí àwọn ọmọdé wà lẹ́bàá rédíò. Sòkòtò tí wọ́n fi fóòmù sí nídìí wà, faselíìnì sì wà.

Àbúrò mi obìnrin kan ń gbé ní Worcester, ní Massachusetts yẹn kan náà. Ó ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ rí níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ lómi. Ó ní láti ìdájí ni òun ti ń fọ́ yìnyín, tí òun ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó na omi sí i. Bàbá náà kò gba omi. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó ní, “Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?” Fọ́tò obìnrin kan ni, tó fi pín-ìn-nì há ẹ̀yìn aṣọ. Òógùn ti mú kí bébà náà rọ̀, igun kan ti ya. Àbúrò mi fa sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi lẹ páálí yọ, ó lẹ̀ ẹ́ padà fún un. Ìgbà yẹn ni bàbá náà wá mu omi, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, ó lọ.

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ìbínú la sábà fi ń pa òwe yẹn. Níbi kẹ̀kẹ́ yìí, wọn ò bínú. Ẹni tó wà níbòòji, ọmọ kékeré ni, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Àwọn ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń so wọ́n pọ̀ mọ́ ọmọ kan pàtó lára àwọn tó ń gba ìtọ́jú. Wọ́n á mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á mọ ojú rẹ̀, torí tirẹ̀ ni wọ́n á sì ṣe gùn ún.

Ilé ìwòsàn wo ni owó yìí ń lọ? Dana-Farber ni, ní Boston, nípasẹ̀ owó àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Jimmy Fund. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rédíò, ẹ wá nǹkan jókòó lé, torí rédíò ló bí i.

Dókítà Sidney Farber ni orúkọ rẹ̀ wà lára orúkọ ilé ìwòsàn yẹn. Láyé ìgbà náà, ọmọ tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá mú, kò sí ohun tí dókítà rí ṣe sí i. Ní ọdún 1947, Farber bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oògùn kan, ó sì rí i pé ara àwọn kan lára wọn ń yá, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀nà ti là nìyẹn, àmọ́ owó ìwádìí kò sí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, ọdún 1948, ètò orí rédíò kan tí wọ́n ń ṣe láti California bá ọmọ ọdún méjìlá kan sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Boston. Wọn ò fẹ́ kí ayé mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, wọ́n ní Jimmy lórúkọ rẹ̀. Wọ́n bi í pé àwọn wo ló fẹ́ràn nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù onígi, àwọn Boston Braves. Bó ṣe ń dárúkọ wọn ni wọ́n ń yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan! Wọ́n wá sọ fún àwọn olùgbọ́ pé bí wọ́n bá lè dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là, àwọn máa ra tẹlifíṣọ̀n fún Jimmy, kó lè máa wo àwọn ayanfẹ́ rẹ̀. Ohun tó wọlé lọ́dún yẹn lé ní igba ẹgbẹ̀rún.

Jimmy ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ti kú. Àṣé kò kú. Ní ọdún 1998, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún gbáko, ó yọ jáde. Einar Gustafson lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà ní ìpínlẹ̀ Maine. Ọdún 2001 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ẹ ó ní, ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí, ṣé ó lè ṣeé ṣe níbí? Ní ọdún 2022, ọmọ wa kan tó ń jẹ́ Kunle Adeyanju gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọjọ́ 41, nítorí àtikówó jọ gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ti pé ọmọ Yorùbá ò lè fara ṣiṣẹ́ nítorí aláìsàn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tún sọ ọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni tírélà àti kòtò. Ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ sórí títì márosẹ̀ láìsí mọ́tò tó ń tàn yòò lẹ́yìn wọn, láìsí ìwé ìfitónilétí fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, láìsí akoto lórí wọn. Oòrùn wa náà ò ṣeé bá ṣeré. Kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ẹgbẹ́ àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ ti fẹnu kò. Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni, gba Mónìyà, gba Fìdítì, ní Sátidé kan lẹ́yìn tí òjò bá dáwọ́ dúró. Oṣù mẹ́ta la fẹ́ fi ṣe ìdánrawò. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ọmọbìnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ̀yin tó ti ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé mọ iye tí abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ń jẹ. Ẹni tó bá máa gùn ún á kọ́kọ́ kówó sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dá a, á gba tirẹ̀ padà. Èmi ni mo dábàá ìyẹn, wọ́n sì bú mi dáadáa kí wọ́n tó gbà.

Alága wa náà lóun á gùn ún. Ọkùnrin náà tóbi díẹ̀. Ó ní láti Ìlọrà wọ Ọ̀yọ́ lòun á gùn, kí mọ́tò gbé òun àti kẹ̀kẹ́ dé Ìlọrà. A ní kò burú, àmọ́ kó kówó sílẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Láàárọ̀ àná, mo rí i ní ìdájí lórí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mo kí i, kò lè dáhùn. Ọwọ́ ló gbé sí mi.